Àkọ́bí Ẹran Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sókè Òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí ohun tó pa kọ̀ǹpútà àti ewúrẹ́ pọ̀, ẹ ní kó wá bá mi ní Òmù-Àrán. Màá fún un ní àga, màá fún un ní omi tútù, lẹ́yìn náà ni màá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un títí yóò fi bẹ̀ mí pé ó ti tó. Ó ti pẹ́ tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí rẹ̀, n kì í lè jókòó jẹ́ẹ́.

Tíṣà ìṣirò ni mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí ni mo lọ sí yunifásítì, ayé ń jẹ́ ayé! Wọ́n ń fọ aṣọ fún wa, wọ́n ń fún wa lẹ́ran adìẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a tún ń bínú pé itan la fẹ́, a ò fẹ́ apá. Ìgbà tí mo fi padà wálé wá kọ́ àwọn ọmọ níwèé, owó epo ti gbẹ. Oṣù ń gorí oṣù, a ò rí owó oṣù gbà. Tíṣà ń ta búrẹ́dì, púrínsípà ń kọ ebè iṣu. Èmi ò sì ní sùúrù, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ níwájú bọ́ọ̀dù, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí gáréèjì, mo ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé. Kọ̀ǹpútà tí mo fi bẹ̀rẹ̀, àlòkù ni. Ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé Èkó ló bá mi gbé e bọ̀ nígbà tó ń bọ̀ wá sin bàbá rẹ̀. Ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun nínú búùtù ọkọ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé láti kí i kú ará fẹ́ra kù.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan ní Ìlọrin. Òun ló mú dísìkì kan wá fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo èyí. Èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kó ṣe, á ṣe é." Ọkùnrin kan lókè òkun ló dá èdè náà sílẹ̀, àwọn èèyàn káàkiri ayé sì ń bá a tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ìwé àṣẹ kan wà nínú dísìkì náà, èyí tí àwọn tó mọṣẹ́ ń pè ní láísẹ́ńsì. Àbúrò mi ní kí n fò ó, pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo kà á. Ìwà tíṣà kò lè kúrò lára mi.

Ohun tí ìwé náà sọ kò ju èyí lọ: gbà á, lò ó, tún un ṣe bó ṣe wù ọ́, fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá tún un ṣe tí o sì fún ẹlòmíràn, jẹ́ kí tọ̀hún náà lómìnira lórí rẹ̀ bí a ṣe fún ọ ní òmìnira. Mo kà á tán, mo pa àtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ẹran àgbàsìn ni!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀sìẹ́ ni ìyá mi ń gbé, kò sì sí àdúgbò tí ewúrẹ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá pọ̀ jù nílé, á gbé abo kan fún obìnrin mìíràn pé kó máa bá òun sìn ín. Bí ewúrẹ́ náà bá bímọ, àkọ́bí di ti ẹni tó ni ẹran. Ìkejì di ti ẹni tó ń sìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa pín in lọ, títí ẹni tí kò ní nǹkankan lánàá á fi di ẹni tó ń gbé ẹran fún ẹlòmíràn sìn. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí lọ́yà. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan fi àkọ́bí pamọ́ kó ní ajá ló pa á jẹ! Yéè! Gbogbo Ẹ̀sìẹ́ á gbọ́.

Èmi wá gbé ewúrẹ́ òkè òkun yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín. Mo fi èdè náà kọ ètò kan tó ń ṣe káàdì èsì ìdánwò. Àwọn tíṣà á kó máàkì wá, màá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á rò ó pọ̀, á sọ ipò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú, á tẹ káàdì jáde. Kí ẹ wá wo èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi bí táámù bá ń parí! Láti Òmù-Àrán, láti Ẹ̀sìẹ́, àní láti Ìgbàjà, wọ́n ń bọ̀. Èmi nìkan ni mò ń tọ́ àwọn ọmọ mi, káàdì yìí ló sì ń bọ́ wa.

Ṣùgbọ́n èdè náà ní àbùkù kan. Bí ọmọ méjì bá gba máàkì kan náà, á fi ọ̀kan sí ipò kejì, á fi èkejì sí ipò kẹta. Ìyá ọmọ kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti sán aṣọ rẹ̀ mọ́dìí gírígírí, ó ní kí n ṣàlàyé ohun tí ọmọ òun fi ṣe mí. Kí n sọ òótọ́, ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Nílé ìwé wa, bí méjì bá mú ipò kejì, àwọn méjèèjì ni ìkejì, kò sí ìkẹta, ẹni tó tẹ̀ lé wọn á mú ìkẹrin. Mo jókòó ti èdè náà, mo tú u, mo tún un dì, mo ń bú u bó ṣe ń bú mi, títí ó fi ṣe ohun tí mo fẹ́. Ọjọ́ tó ṣe é, mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ijó yẹn ni mo ṣì ń jó nígbà tí àyà mi já. Ẹran ti bímọ! Àkọ́bí sì ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi, mo ní kó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ni èdè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ní kẹ́ ẹ dá nǹkankan padà o. Láísẹ́ńsì yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ lo mọ ohun tí láísẹ́ńsì sọ. Èmi mọ ohun tí ìyá tó bí wa sọ. Fi ránṣẹ́!"

Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi jiyàn? Ó fi í-meèlì gbé e lọ, ó sì kọ ohun tí mo ní kó kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹran yín ti bímọ. Àkọ́bí rèé. Ara ìyá ẹran le." Nígbà tó yá, èsì dé. Ọkùnrin náà ní òun ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹran ti wọlé, ṣùgbọ́n òun ti dán iṣẹ́ náà wò, ó dára púpọ̀, òun ti fi sínú èdè náà gan-an kí gbogbo ayé lè máa lò ó. Ó wá béèrè pé irú ẹran wo ni. Háà! Mo kọ ìwé gígùn sí i, mo ṣàlàyé àkọ́bí, mo ṣàlàyé ìkejì, mo sọ ti ìyá mi. Kò fèsì mọ́. Mo rò pé ó ti kà mí kún wèrè.

Ìgbà tí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ń sún mọ́lé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ èdè náà ò ro tọdún náà mọ́ ọn nígbà tó ń kọ ọ́. Mo sún ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà síwájú láti dán an wò, káàdì jáde, ọdún 1900 ló wà lórí rẹ̀. Púrínsípà wo ni yóò gba káàdì ọdún tí wọn ò tíì bí bàbá rẹ̀? Àbúrò mi ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n ń kọ èdè náà ní ọ̀tun, ọ̀tun ọ̀hún á mọ ọdún náà. Mo fọkàn balẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àbúrò mi já bọ́ látinú ọkọ̀ Ìlọrin, ìdì bébà ńlá kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iná ti ràn!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ó ti rẹ ẹni tó ni èdè. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ayé, ilé òun sì ń ṣófo. Iléeṣẹ́ ńlá kan lọ́hùn-ún wá ní kó gbé èdè náà fún àwọn: àwọn á máa sanwó oṣù fún un, àwọn á parí ọ̀tun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ fi í jẹun á gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ àwọn, kò sì ní lè fún ẹlòmíràn mọ́. Gbogbo àwọn tó ń lo èdè náà wá kóra jọ lórí í-meèlì, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹní fa okùn. Àbúrò mi ti tẹ gbogbo ohun tí wọ́n sọ jáde.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń kà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbádùn ìjà náà! Ẹnì kan ní ọkùnrin náà ló bí i, ẹ jẹ́ kó tà á. Òmíràn ní òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tọ́ ọ, òun ń fọ ìdí rẹ̀, ta ni yóò tà á lẹ́yìn òun? Wọ́n ń bú ara wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ọ̀gbẹ́ni mi àtàtà" níbí, "ẹ jọ̀wọ́ ẹ dárí jì mí" lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ èébú gidi ni. Ẹnì kan wá kọ ọ́ pé àwọn tí kò bá lágbára láti ra láísẹ́ńsì kí wọ́n wá nǹkan mìíràn lò. Mo dìde. Mo ní kí wọ́n fi onítọ̀hún hàn mí. Àbúrò mi ní ó tó òkun mẹ́ta sí ibi tó wà.

Nígbà tí ara mi rọlẹ̀ ni ẹ̀rù tó bà mí. N ò lágbára láti ra irú láísẹ́ńsì bẹ́ẹ̀. Èdè ti tẹ́lẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi ò mọ ọdún tó ń bọ̀; bí iléeṣẹ́ náà bá gba ọ̀tun, káàdì mi parí, ṣọ́ọ̀bù mi parí. Kí ni n ó sọ fún àwọn ọmọ mi?

Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn."

Mo ṣí i. Àwọn lọ́yà iléeṣẹ́ náà ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti wo inú èdè náà, ọwọ́ àwọn èèyàn púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, kálukú ló sì ni ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Àwọn ò lè gbà á àfi bí gbogbo wọn bá fọwọ́ sí i. Wọ́n wá to orúkọ wọn. Mo ń wo orúkọ òyìnbó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń wò ó lọ, àfi gbàà! Orúkọ mi! Èmi, ní Òmù-Àrán, nítòsí gáréèjì! Nítorí àkọ́bí tí wọ́n ní kí n má fi ránṣẹ́! Mo pariwo débi pé awakọ̀ kan sáré wọlé, ó rò pé iná gbé mi.

Ìwé tèmi wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Bí mo bá fọwọ́ sí i, èmi nìkan, nínú ṣọ́ọ̀bù èmi nìkan, á máa lo èdè náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí n ó fi kú.

Mo mú bírò.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rò ó o. Àwọn ọmọ tí mò ń fi èdè náà kọ́ ní Ìlọrin ńkọ́?"

"Ṣé àwọn ni wọ́n ń bọ́ ọmọ mi ni?"

Ó kàn ń tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Mo ju bírò sílẹ̀, mo ní ká wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀sìẹ́.

Ìyá wa ń da èèpo iṣu fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní ká jẹun. Mo ní n ò jẹ, mo rojọ́ tán pátá, mo ń mí hẹlẹ. Ó da èèpo tó kù sílẹ̀, ó gbọn ọwọ́.

Ó ní, "Èyí tí wọ́n fẹ́ fún ọ yìí, ṣé o lè fún àbúrò rẹ nínú rẹ̀?"

"Rárá, Ìyá."

"Bí o bá kú, ṣé ọmọ rẹ lè máa lò ó?"

"Rárá."

"Bí o bá tún un ṣe tó dáa, ṣé o lè gbé e fún ẹlòmíràn kó máa sìn ín?"

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Òbúkọ ni wọ́n fẹ́ fún ọ! Òbúkọ kan ṣoṣo. O ó pa á jẹ, ó parí. Ṣé òbúkọ ni mo fi tọ́ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Abo ewúrẹ́ kan tí ẹnì kan gbé fún ìyá mi sìn nígbà tí bàbá wa kú ló di agbo ẹran tó rán èmi àti àbúrò mi níléèwé girama. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò tíì parí ọ̀rọ̀.

"Ẹni tó ni ẹran ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni nǹkan le fún un?"

Mo ní ó sọ pé ó le.

"Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá a sìn ín, ẹ wá jókòó, ẹ ń wò ó níran? Ẹ ò lè bá a ro oko rẹ̀? Ojú ò tì yín!"

Ilé ìyá mi la ti kọ èsì náà, mò ń pè é, àbúrò mi ń kọ ọ́. Mo ní n ò fọwọ́ sí i. Mo ní òbúkọ ni wọ́n gbé wá fún mi, àwa sì ń fẹ́ abo, nítorí abo ló ń di agbo. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ yọ ọmọ tèmi kúrò nínú agbo lè yọ ọ́, n ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹni tí ọmọ tirẹ̀ wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Mo wá ní kí a má fi ẹni tó ni ẹran sílẹ̀ fún ìyà. Nílé wa, bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ẹnì kan, a máa ń ṣe àáró: gbogbo wa á jọ ro oko tirẹ̀ lónìí, lọ́la a jọ ro ti ẹlòmíràn. Ẹ pín iṣẹ́ ọ̀tun náà. Ẹ fún èmi náà ní ebè tèmi.

Àbúrò mi gbé e lọ fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Kò pẹ́ púpọ̀ tí awakọ̀ Ìlọrin kan yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi: àbúrò mi ní kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọkọ̀. Nígbà tí mo dé iwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn láti ìlú tí n ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Mo ń sin ẹran yìí, n ò fọwọ́ sí i." Ọkùnrin kan láti ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní àgùntàn ni àwọn òbí òun àgbà máa ń gbà sìn bẹ́ẹ̀, òun ti gbàgbé, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yìn mí o! Ọ̀kan béèrè pé kí ni ewúrẹ́ mọ̀ nípa òfin. Mo na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà láti sọ fún un, àbúrò mi fi ara dí i. Lọ́yà lè yọ ọmọ tèmi, wọ́n lè yọ ti ẹnì kan sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ti gbogbo àwọn tó ní àwọn ò fọwọ́ sí i, awọ lásán ni yóò kù. Iléeṣẹ́ náà wò ó, wọ́n rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Ni a bá pín iṣẹ́. Àní èmi náà gba ebè kan: èmi ni wọ́n ní kí n máa yẹ ọdún wò bóyá ó tọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò débi pé àwọn oníbàárà mi ń ṣàròyé. Àwọn kan tó rí jájẹ lọ́hùn-ún sì kó ara wọn jọ, wọ́n ń ran ọkùnrin náà lọ́wọ́ kí ilé rẹ̀ má ṣófo.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí àbúrò mi mú ọ̀tun wá fún mi nínú dísìkì. Kò jẹ́ kí n gbà á ní wàràwàrà. Ó ní ẹni tó ni èdè kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ fún mi. Ìwé gígùn tí mo kọ ní ọjọ́sí, tí mo rò pé ó jù nù, àṣé ọkùnrin náà kà á. Ohun tó kọ ò pọ̀: "Sí obìnrin tó wà ní Òmù-Àrán. O fi àkọ́bí ránṣẹ́ sí mi, mo rí i gbà. Ìkejì rèé. Tìrẹ ni."

Ẹkún ni mo sun. Mo sun ún láìtijú, níwájú oníbàárà, níwájú àbúrò mi tó ń díbọ́n pé eruku ọyẹ́ ló wọ òun náà lójú. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo ti dísìkì náà bọ kọ̀ǹpútà, mo sún ọjọ́ síwájú, mo tẹ káàdì kan jáde. Ọdún 2000 gedegbe! Ọmọ méjì mú ipò kejì, kò sí ìkẹta.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo gbé dísìkì lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Ìyá mi ò mọ̀wé. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, mo sì sọ ohun tí ọkùnrin náà kọ fún un. Ó mi orí.

Ó ní, "Akọ ni àbí abo?"

Mo ní, "Abo ni, Ìyá. Abo ni!"

Ó dá a padà sí ọwọ́ mi. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Yáa wá ẹni tí o máa gbé e fún sìn."